Ẹ bi obìnrin ní ohun tí ẹ ń bi ọkùnrin: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn adarí eré àti òǹkọ̀wé ẹ̀dá-ìtàn ní Ìbàdàn

Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin adarí eré, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pé jọ yí tábìlì ká ní òpin ọ̀sẹ̀,

Mo kí yín, ẹ kú làákàyè, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Eré tí ẹ gbé dé àárín wa yìí, nínú èyí tí olúkúlùkù ti ń mú ẹ̀dá-ìtàn kan, tí ó ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń pinnu ohun tí yóò ṣe, tí adarí eré ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yí i ká, tí dáìsì sì ń sọ bóyá yóò rí i ṣe tàbí kò ní rí i ṣe, jẹ́ ohun tí inú mi dùn sí gidigidi. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹ kò fi í mọ sí ààfin òkúta àti igbó òtútù ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ ti ń gbé e wá sí Ìbàdàn, sí ayé àwọn Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá, sí ìgbà tí ìlú tí wọ́n fi ṣe bùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ń dàgbà di ìlú ńlá. Ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ yín ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, mo sì kọ ọ́ sí gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti tábìlì kan ṣoṣo lọ.

Ìtàn àtẹ̀yìnwá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ìtàn tí a máa ń kọ fún ẹ̀dá-ìtàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó kọ́, ẹni tó jẹ ní gbèsè, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìdí tó fi kúrò nílé. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, torí pé èmi náà máa ń darí eré, àwọn mìíràn sì máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo ń rí nínú wọn kò fi ọkàn mi balẹ̀. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè kúrò nílé nítorí owó, nítorí oyè, nítorí ìjà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà ní òdìkejì odò, tàbí kí ó kàn gbéra láìsí ìdí kankan. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kí wọ́n ti ṣe é ní ibi kí ó tó lè jáde: wọ́n ti pa ọkọ rẹ̀, wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n ti fipá bá a lò pọ̀, ó ti yàgàn tí ìyá ọkọ lé e jáde, tàbí kẹ̀, bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin, ni ó bá fi í ṣe arọ́pò. Obìnrin tí kò ní ọgbẹ́ lára, tí kò sì ń wá ẹni tí yóò gbẹ̀san lára rẹ̀, a kì í fẹ́ gbà pé ó ní ohun tó ń lọ ṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé kan ní Bódìjà, akópa tuntun kan, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì ju dáìsì rí, mú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ wá lórí ìwé. Àbẹ̀kẹ́ ni ó sọ ọ́, alájàpá tó ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ ra iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ iye owó tí wọ́n ń gbà ní ẹnubodè, ó kọ orúkọ àwọn aláàárù tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń háyà, ó kọ bí ó ṣe máa ń fi iyọ̀ pamọ́ kí òjò má baà bà á jẹ́, ó sì kọ ọ́ pé jagunjagun kan jẹ Àbẹ̀kẹ́ ní owó ẹ̀tù, ó sì ti gbọ̀nà ojú ogun lọ láìsan án. Àbẹ̀kẹ́ ń lọ gba owó rẹ̀. Adarí eré kà á tán, ó yìn ín, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, “Ṣùgbọ́n kí ló lé e kúrò nílé gan-an? Ṣé ọkọ rẹ̀ kú ni? Àbí wọ́n kó ọmọ rẹ̀?” Ọmọbìnrin náà dáhùn pé, “Rárá, ẹ̀gbọ́n. Owó rẹ̀ ló ń lọ gbà.” Adarí eré ní ìyẹn kò tó, pé kí ó fi ọmọ kan tó kú sí i kí ìtàn náà lè wọni lára. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ka tirẹ̀ ṣáájú, gbólóhùn kan péré: ọmọ ogun ni, ó fẹ́ di Balógun. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ọmọbìnrin náà fi ọmọ tó kú sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ eré. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi Àbẹ̀kẹ́ ti di ti ọmọ náà. Owó ẹ̀tù náà, tí ì bá gbé gbogbo wa lọ sí bùdó ogun, tí ì bá sì kó wa sínú àríyànjiyàn àwọn olóyè, kò jẹ yọ mọ́ títí a fi kásẹ̀ eré nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé adarí eré náà kò ní ẹ̀tanú kankan sí i nínú. Ọmọlúàbí ni, ó sì fẹ́ kí ìtàn náà dùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣòro gan-an nìyẹn, nítorí pé ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré, nínú ìtàn, nínú fíìmù, nínú eré orí rédíò, ló ń bá wa kọ̀wé láìjẹ́ pé a pè é.

Àwọn kan á sọ pé inú ìwé òfin eré ni a ti bá a. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons, eré tí irú eré wa yìí ti ṣẹ̀ wá, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, “ọkùnrin oníjà” gan-an ni orúkọ tí ìwé náà pe ẹ̀yà àwọn jagunjagun. Nínú ìwé àwọn akópa tó jáde ní 1978, wọ́n fi ààlà sí agbára ara: jagunjagun ọkùnrin ọmọ ènìyàn lè ní agbára tó dé 18/00 (00 yìí dúró fún ọgọ́rùn-ún, òun ló ga jù), ṣùgbọ́n jagunjagun obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá 18/50, bí ó ti wù kí dáìsì ṣojúure sí i tó. Ní 1989, nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde, wọ́n yọ ààlà náà kúrò. Nínú ìwé ti 2014, oríṣi ìtàn àtẹ̀yìnwá 13 ni wọ́n tò sílẹ̀ fún akópa láti mú, bíi ọmọ ọlọ́lá, ọmọ ogun, atukọ̀, oníṣẹ́-ọwọ́, ọ̀daràn, ọmọ ìgboro tí kò ní alágbàtọ́. Ìwé ti 2024 sọ wọ́n di 16. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akọ tàbí fún abo. Traveller, eré ìrìn-àjò láàárín ìràwọ̀ tí Marc Miller ṣe ní 1977, fi ọ̀rọ̀ náà lé dáìsì lọ́wọ́: dáìsì ló ń sọ bóyá ẹ̀dá-ìtàn rí iṣẹ́ ọmọ ogun tàbí ti oníṣòwò, bóyá wọ́n gbé e ga, ẹ̀dá-ìtàn tilẹ̀ lè kú sẹ́nu iṣẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Akópa á jókòó, á wo àwọn ọdún iṣẹ́ náà, á sì máa wá ìtàn tí yóò so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin inú eré náà ṣe ń di ọ̀gá ọkọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ní gbèsè ọkọ̀ lọ́rùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa ẹnikẹ́ni fún un.

Òfin ti kúrò nínú ìwé, a kò lè dá ìwé lẹ́bi mọ́. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ̀wé ni ó kù sí.

Àwa nìkan kọ́ ni àìsàn yìí ń ṣe. Ní 1999, Gail Simone, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kó orúkọ àwọn obìnrin inú ìwé àwòrán akọni jọ, àwọn tí wọ́n pa, tí wọ́n sọ di aláàbọ̀ ara, tàbí tí wọ́n gba agbára wọn, lọ́pọ̀ ìgbà kí ọkùnrin kan lè rí ìdí bínú. Àkójọ náà gùn. Bí obìnrin inú ìtàn wa bá ti jẹ́ òkú ìyàwó nínú ìtàn àtẹ̀yìnwá ọkùnrin, tàbí ìyá òkú ọmọ nínú tirẹ̀, a ti fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kún tiwa. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ti Kamẹrúùnù gbé eré kọ̀ǹpútà Aurion jáde ní 2016, wọ́n sì ṣe ohun kan tó yẹ kí a kíyè sí: wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Enzo àti Erine ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ rin ìrìn-àjò náà. Kò di dandan kí ìyàwó kú kí ọkọ tó lè gbéra.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé Ìbàdàn ni a ti ń ṣe eyí. Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí obìnrin inú ìtàn rẹ̀ ṣaláìní ìdí láti jáde nílé, ìlú yìí ni. Oyè Ìbàdàn kò sí fún ìdílé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lákíkanjú tí ó sì ní ènìyàn lẹ́yìn ló ń gòkè. Àwọn obìnrin ní ìlà oyè tiwọn lábẹ́ Ìyálóde, pẹ̀lú Ọ̀tún Ìyálóde, Òsì Ìyálóde, Balógun Ìyálóde àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ìgbésẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún bí àwọn ọkùnrin ṣe ń gun tiwọn. Ẹni tó ti kọ ẹ̀dá-ìtàn rí mọ ohun tí ó wà nínú èyí. Ta ló wà níwájú rẹ nínú ìlà náà? Ta ló ń tì ọ́ lẹ́yìn? Àwọn wo lo ná owó fún nígbà ìnáwó tí wọ́n fi mọ̀ ọ́? Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú eré kan náà tí wọ́n ń lépa oyè Balógun, kò sì sí obìnrin kankan tí mo rí tí ó ń lépa Òsì Ìyálóde.

Ẹ jẹ́ kí n mú Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, nítorí kò sí obìnrin Ìbàdàn tí àwọn òǹkọ̀wé eré fẹ́ràn láti lò bíi rẹ̀. Níbikíbi tí mo bá ti bá a pàdé nínú eré yín, obìnrin òǹrorò ni, tí kò rọ́mọ bí, tí àìrọ́mọbí sì sọ di apànìyàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń parí sí. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni eré onítàn tí púpọ̀ nínú wa kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe fi í hàn wá. Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé nínú ìlú yìí, kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ó ní àwọn ẹrú rẹ̀ tó wà lóko nìkan kò dín ní 2,000, láìka àwọn tó wà nílé. Ìtàn sọ pé ó máa ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olórí ogun láwìn, pé àwọn olórí ogun náà kì í sì í tètè san án. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà máa rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun káàbọ̀. Ẹ tún àwọn ẹ̀sùn náà kà. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò sí nínú wọn. Ọ̀rọ̀ olówó àti ajigbèsè ni, ọ̀rọ̀ olóyè méjì tí ọ̀kan fẹ́ kí èkejì tẹrí ba, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pèsè ohun ìjà fún ogun tí ó wá ní òun kò pèsè mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n yọ ọ́ lóyè. Kí oṣù kẹfà tó parí, àwọn ẹrú rẹ̀ ti pa á lórí ibùsùn rẹ̀, ìdílé rẹ̀ pàápàá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó bí ọmọbìnrin kan tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ọwọ́ rẹ̀ le lára àwọn ẹrú rẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ẹni tó ní ẹgbàá ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́rú ní ohun tó pọ̀ láti jẹ́jọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí ìtàn gbé lé wa lọ́wọ́ nípa rẹ̀, ikùn rẹ̀ nìkan ni a mú, tí a sì da oko, ọjà, ìbọn, gbèsè, oyè àti ìṣèlú nù. Àwọn olórí ogun ìgbà rẹ̀ kó ìlú, wọ́n jó ìlú, wọ́n ta ènìyàn. A kì í wá ìdí ìwà líle wọn lọ sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. A máa ń sọ pé agbára ni wọ́n ń wá. Òun náà ń wá agbára. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í ṣe ọ̀tá nínú eré yín, ẹ wo irú ọ̀tá tí ẹ ní lọ́wọ́: obìnrin tí gbogbo olórí ogun ìlú jẹ ní gbèsè, tí ó lè dá ogun dúró nípa títi ilé ìṣúra rẹ̀ nìkan. Àwọn akópa yín á ronú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí bí wọn yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Mọremí náà wà níbẹ̀, tí a kì í rántí ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju ọmọ tó fi rúbọ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ amí ni ó lọ ṣe láàárín àwọn ọ̀tá, ó gbé àárín wọn, ó kọ́ àṣírí wọn, ó sì padà wálé. Ọrọmpọ̀tọ̀, tí ìtàn Ọ̀yọ́ kà mọ́ àwọn Aláàfin, tí ó jẹ́ obìnrin tí ó sì lọ sójú ogun, kò tilẹ̀ wọ inú eré wa.

Kò sì di dandan kí obìnrin jẹ́ olóyè kí ìtàn rẹ̀ tó ní ọ̀rá. Ẹ mú aláró. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, àwọ̀ náà kì í sì í ṣí, nítorí náà kò sí ibi tó lè sá dé tí wọn kò ní mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ewé èlú tó gún ti jinná nínú ìkòkò, ó ń fi ahọ́n tọ́ omi aró wò láti mọ̀ bóyá eérú rẹ̀ tó. Bí ó bá ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni ó fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, oníṣẹ́ kan sì lè wo ìlà kan kí ó sọ ẹni tó yà á. Obìnrin Ìbàdàn ló ya “Ìbàdàn dùn”, tó ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sára aṣọ, tí ọkàn ìlú sì ń bẹ nínú rẹ̀ títí dòní. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àṣírí aró kan tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jí, ẹ fún un ní oníbàárà kan láti ojú ogun tó fẹ́ aṣọ dúdú tí kò ní hàn lóru, ó ti ní ẹsẹ̀ tó gbé e jáde. Tàbí kí ẹ mú ìgbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ wọ́n, ẹ̀tù wọ́n, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà mìíràn di ènìyàn pàtàkì. Ta ni yóò mọ ọ̀nà bí alájàpá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ ẹ̀dá-ìtàn tó ń tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, tí ó sì ń bẹ̀rù ìbọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi pa á rẹ́, tí ó kọ jagunjagun dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú ìtàn wa kò ṣófo fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń jókòó ti òfì tóóró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń hun aṣọ tí a ń gbé lọ sí Ọjà Ọ̀jẹ́. Àwọn ọkùnrin ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Àwọn ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó ọkùnrin ń di irun wọn bí obìnrin, òrìṣà tí wọ́n ń gùn sì ni èyí tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù jù. Bí àwọn baba wa bá fàyè gba èyí nínú ayé gidi, kí ló dé tí àwa kò fi lè fàyè gbà á nínú eré, níbi tí a ti ní oríṣiríṣi iwin àti ẹbọra lọ́wọ́? Ọkùnrin tí kò ní ohun mìíràn nínú ìtàn rẹ̀ ju idà àti ìbínú lọ, ẹni tó mú un kì í pẹ́ tí á fi sú.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń fi dá mi lóhùn. Ẹ ní ìgbà náà ni ó rí bẹ́ẹ̀, pé ọkùnrin ló pọ̀ jù lójú ogun. Mo gbà. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yìnbọn. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ìbọn yíyìn nìkan, ẹ̀yin fúnra yín sì mọ̀ pé ẹni tó bá bá eégún sọ̀rọ̀ nínú eré yín, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Mápó dé Ọ̀run Apàdí ní alẹ́ kan, ẹnikẹ́ni kì í ní kí ó mú ẹ̀rí ìtàn wá. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn obìnrin fúnra wọn ló ń kọ ìtàn ọ̀fọ̀ wọ̀nyí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tó fẹ́ fi eré ṣọ̀fọ̀ ọmọ tàbí kí ó gbẹ̀san ọkọ ní ẹ̀tọ́ sí i. Kí a kàn bi í pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀fọ̀ náà tó dé: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọ̀rẹ́ wo ló ní, kí ló ń dùn mọ́ ọn, ta ló ń bá a jà? Bí a bá ti mọ èyí, ọ̀fọ̀ náà pàápàá á túbọ̀ wúwo.

Ti ìfipábánilòpọ̀, ojú ọ̀tọ̀ ni mo fi ń wò ó. Mo rọ̀ yín pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé kí ẹ má ṣe fi í sínú ìtàn ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn mọ́, kí ẹ má sì lò ó bí ọ̀nà kúkúrú láti fi hàn pé obìnrin kan ti di alágbára. Ẹ kò mọ ẹni tó jókòó tì yín. Ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà, kí ó máa rẹ́rìn-ín kí ẹ má baà mọ̀. John Stavropoulos, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe irú eré yìí, ṣe ohun kan tó rọrùn fún irú ọ̀ràn yìí: wọ́n á fi káàdì tí wọ́n kọ X sí sáàárín tábìlì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá kàn lára á fi ọwọ́ kàn án, eré á yà kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìdí. Kò ná yín ní nǹkan kan ju bébà lọ. Ó yẹ kí ó wà lórí gbogbo tábìlì ní ìlú yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àwọn akópa sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín bóyá ọkùnrin ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ tàbí obìnrin, kí ẹ sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, láìfi ọ̀kan kún ti obìnrin, láìyọ ọ̀kan kúrò nínú ti ọkùnrin. Bí ẹ bá ń bi obìnrin nípa ọmọ, ẹ bi ọkùnrin pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń bi ọkùnrin nípa gbèsè àti oyè, ẹ bi obìnrin. Nínú tábìlì iṣẹ́ tí a ń ju dáìsì sí, ẹ má ṣe ya “iṣẹ́ obìnrin” sí ojú ewé tirẹ̀: kí aláró, alájàpá, oníṣègùn, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, Ìyálọ́jà àti ọmọ ogun wà lójú kan náà, kí dáìsì pín wọn bó ṣe fẹ́. Bí ìyàwó tàbí ìyá kan bá sì gbọ́dọ̀ kú nínú ìtàn, ó kéré tán kí ẹ fún un ní orúkọ àti iṣẹ́, kí ẹ kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kú.

Ẹ tún lọ sọ́jà. Àwọn ìyá tó wà ní Ọjà Ọba, ní Gbági àti ní Ọ̀jẹ́ ní ìtàn àtẹ̀yìnwá tó ju ti gbogbo ìwé eré wa lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò, ta ló yá wọn ní owó àkọ́kọ́, ta ló sì kọ̀ láti san tiwọn. Ẹ gbọ́ iye ìgbà tí wọn yóò dárúkọ ọkọ nínú ìdáhùn náà, ẹ sì gbọ́ iye ìgbà tí wọn yóò dárúkọ ọjà.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé eré kan tí wọ́n gbé ka Ìbàdàn ìgbà ogun. Kí ẹ tó gbé e fún ìtẹ̀wé, ẹ fi àwọn ìtàn àtẹ̀yìnwá inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe eré yìí, kí wọ́n kà á, kí ẹ sì ṣe àtúnṣe ohun tí wọ́n bá tọ́ka sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí èmi náà wà lára àwọn tí yóò kà á, mo ṣe tán. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fún Àbẹ̀kẹ́ ní àyè nínú ìwé náà, pẹ̀lú owó ẹ̀tù rẹ̀ tí wọn kò tíì san.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀kan nínú àwọn adarí eré, Ìbàdàn.